Ìpàdé àdúrà Sátidé: a máa dákẹ́ ni o

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àdúrà Sátidé yìí ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ o, aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́jọ, abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ìlù, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a kàn fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣé àdúrà nìyẹn, àwa tá a máa ń pariwo títí ohùn á fi há! Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19, wòlíì Èlíjà wà ní òkè Hórébù, ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná dé, Olúwa ò sí nínú ìkankan, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló gbẹ̀yìn. Kò rọrùn ṣá, mo gbìyànjú ẹ̀ nílé, kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún ọkàn mi ti dé ọjà, ó ti ń ná ata. Ìdí nìyẹn tá a fi máa kọ́kọ́ ka Sáàmù 46:10, “Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì mọ̀ pé èmi ni Ọlọ́run,” lẹ́ẹ̀mẹta ká tó dákẹ́.

Ẹ mú ẹní dání àti Bíbélì, ti ìwé o, torí a máa gba fóònù lẹ́nu géètì. Ẹni tó ń bọ̀ kó jọ̀ọ́ fèsì síbí kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.