Ẹ Má Wó Búkà Onípákó Wa ní Ẹ̀pẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo fẹ́ fèsì sí lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní ojú máa ń ti òun bí òun bá gba ọ̀nà Lẹ́kí wọ Ẹ̀pẹ́, tí òun sì rí àwọn búkà onípákó lẹ́bàá títì. Ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ wó gbogbo wọn, kí wọ́n kọ́ ilé oúnjẹ onígíláàsì rọ́pò wọn. Mo ka lẹ́tà náà dé ìparí, n kò rí ibi tó ti sọ pé òun jókòó jẹun nínú ọ̀kan rí. Inú mọ́tò ló ti wò wọ́n, inú mọ́tò náà ló ti dájọ́.

Èmi ń jẹun níbẹ̀ ní tèmi. Típà ni mò ń wà. Yanrìn ni mò ń gbé láti etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lójú ọ̀nà Lẹ́kí. Ìdájí la máa ń tò sórí ìlà, kó sì tó kan èèyàn, oòrùn á ti yọ, ikùn á ti máa pariwo. Búkà tí mò ń sọ kò jìnnà sí ọ̀nà tó lọ sí Ọjà Olúwo. Kò ní pátákó, kò ní orúkọ. Ẹ sáà ti béèrè búkà Màmá lọ́wọ́ onítípà èyíkéyìí. Pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ni wọ́n fi kan bẹ́ǹṣì ibẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà lára òmíràn. Lára èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rí "Ọlọ́run ń", ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́ pákó náà, ìyókù ọ̀rọ̀ ti wọ iná ìdáná. Àwa oníbàárà ti parí gbólóhùn yẹn lóríṣiríṣi. Èyí tó gbayì jù ni "Ọlọ́run ń wo ìwọ tó o jẹ ẹja méjì tó o sanwó ọ̀kan." Aago kan wà lára ògiri tó ti kú tipẹ́. Mo ní kí n bá Màmá gbé e lọ tún ṣe, ó ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tí aago tó dákẹ́ ń lé kúrò nídìí oúnjẹ.

Òfin inú búkà náà, ti ìjọba ò tó o. Ẹ ò ní béèrè pé kí ló wà ńlẹ̀. Màmá ni yóò wò yín láti òkè délẹ̀, tí yóò sì sọ ohun tí ẹ ó jẹ. "Ìwọ, ẹ̀bà. Bàbá, ẹ̀yin, láfún ni o, ẹ̀bà àná ò bá yín lára mu." Ibi tó ti gbọ́ nípa ẹ̀bà àná, ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run ni. Ẹni tó bá ń fóònù, kò ní bu tirẹ̀. Yóò gbé abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ní, "Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀ tán, ebi ò tíì pa á." Ẹni tó bá dàgbà jù nínú ilé ló ń kọ́kọ́ bu fún, ìbáà jẹ́ onímọ́tò, ìbáà jẹ́ alága káńsù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó ti ọ̀nà Lẹ́kí wá, ó na fóònù sórí ìkòkò ọbẹ̀, ó fẹ́ yà á ní fọ́tò. Màmá gbé ọmọrí dé ìkòkò. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó kọ̀yìn sí i. "Ọbẹ̀ mi ò tíì kú o. Ìgbà tó bá kú, ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀." Gbogbo wa dúró láìjẹun títí ọmọ náà fi ki fóònù bọ àpò, tó sì dọ̀bálẹ̀. Ẹja ńlá ló bù fún un lọ́jọ́ náà, ó ju tèmi lọ, inú mi ò sì dùn sí i.

Òǹkàwé yín ní ibi ìdọ̀tí ni. Kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ sí wà lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ dúdú wà lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ ó gbọ́ "Ọwọ́ dà?" Ẹ ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kí ó wò ó. Mo ti sanwó gọbọi jẹun nínú ilé onígíláàsì kan rí, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé ọwọ́ dà.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni ìkọ́kọrẹ́ ń wà, nítorí Màmá kì í jẹ́ kí wọ́n lọ ewùrà rẹ̀ lẹ́rọ. Ọwọ́ ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ń rin ín. Omi ọbẹ̀ á ti máa hó lórí iná igi, ata, epo pupa, edé, ẹja yíyan tó ti já sínú rẹ̀. Yóò wá máa fi ìka mẹ́ta bu ewùrà náà díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò, yóò dé e, kò sì ní fọwọ́ kan omorogùn títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi dì. Ẹni tó bá yára rò ó, omi ewùrà ló máa jẹ. Àwọn bàbá méjì kan kì í pa Jímọ̀ jẹ, ọ̀kan jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, èkejì jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìyẹn apá méjì tí ìlú wa pín sí. Ìjà wọn kò ju ọ̀kan náà lọ: ta ló ni ìkọ́kọrẹ́, ta ló ni ẹja inú rẹ̀? Ti Èkó-Ẹ̀pẹ́ á ní bí kì í bá ṣe àwọn tó tẹ̀lé Ọba Kòsọ́kọ́ wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó lọ́dún 1851, ta ni ìbá kọ́ Ẹ̀pẹ́ ní ẹja pípa? Ti Ìjẹ̀bú á ní, "Ẹni tí ọba rẹ̀ sá fún ìbọn wá sílé mi, ṣé ó tún yẹ kó bá mi du ìkòkò?" Wọ́n á máa bá a lọ títí Màmá á fi ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, owó ọ̀sẹ̀ tó kọjá dà?" Ilé á pa rọ́rọ́.

Ìrẹsì ọ̀fadà ni mo máa ń gbé lọ. Ewé mọ́ínmọ́ín méjì ni Màmá ń mú, yóò fi aṣọ tútù nu wọ́n lójú àti lẹ́yìn, yóò fi ọ̀kan dábùú èkejì, yóò bu ìrẹsì sáàárín, yóò da ọbẹ̀ ata tútù lé e. Ó kó etí ewé jọ, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ìdí ewé bọ abẹ́. Kò so okùn. Orí dáṣíbọọ̀dù ni mò ń gbé e sí, bí mo bá sì fi dé Àwòyáyà, ewé ti pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ ti wọ inú ìrẹsì, ọbẹ̀ kò kán sílẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun tí wọ́n ń fi di oúnjẹ, nítorí pé ó ń dí gọ́tà, kì í sì í jẹrà. Ẹ rántí ariwo tí àwọn olóúnjẹ pa nígbà yẹn, pé kí ni wọ́n fẹ́ máa di oúnjẹ sí. Èmi ni mo ròyìn òfin náà fún Màmá. Ó ní, "Ike wo nìyẹn?" Kò lò ó rí.

Ohun tó ń dun Màmá ni pé ewé ti ń wọ́n. Obìnrin tó ń kó o wá láti ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn ní ibi tí òun ti ń já a tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi ọgbà yí i ká, katapílà ti wọlé. Ewé yìí kì í fẹ́ oòrùn. Abẹ́ igi, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ló ti ń hù. Ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ ni èso pupa onígun mẹ́ta ti ń so, tí àwa ọmọ ìgbà yẹn máa ń lá, tí ẹnu wa ò ní yéé dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí wọ́n bá ti gé igi orí rẹ̀ tán, kò sí ewé mọ́. Yanrìn tí mò ń gbé, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń kún, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ewé náà ń ṣe dáadáa lábẹ́ kòkó àti obì. Káńsù lè ní kí àwọn tó ní oko obì àtijọ́ gbìn ín. Wọ́n á rí owó, Màmá á rí ewé.

Bí owó bá sì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ káńsù lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n la gọ́tà iwájú búkà yẹn. Bí òjò bá rọ̀, omi títì ló ń ya wọ ibi ìdáná, Màmá á sì máa fi bíríkì gbé ìkòkò sókè. Katapílà tí òǹkàwé yín fẹ́ kí wọ́n fi wó o lè la gọ́tà náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo mọ ẹni tó ń wà á. Ibẹ̀ lòun náà ti ń jẹun.

Èmi ni tiyín,
Onítípà kan, Ẹ̀pẹ́.