Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mú tépù dání ni adíyelé ilé

Ẹ̀yin ọ̀gá olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn Yorùbá tí ẹ ò jẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni bàbá mi gbé ìwé ìròyìn yín wá bá mi nídìí gáàsì, wọ́n ní "wá wo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀yin oníṣẹ́ yín," mo bá fi tówẹ̀lì nu ata lọ́wọ́, mo kà á. Bàbá lánlọ́ọ̀dù kan láti Ṣómólú ló kọ lẹ́tà sí yín pé àwọn tó ń wọn ilé kiri nítorí owó Land Use Charge yìí, ìyẹn owó orí ilé tíjọba Èkó ń gbà lọ́dọọdún, olè paraku ni gbogbo wọn, tóun bá tún rí ẹnikẹ́ni tó mú tépù dání ní géètì òun, ajá lòun máa tú sí i. Mi ò bínú sí bàbá yẹn o, mo mọ ohun tójú wọn rí. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ọmọ onílé ni mí, mo sì tún ń kọ́ṣẹ́ adíyelé ilé lọ́wọ́, ìyẹn ẹni tó ń wọn ilé tó sì ń sọ iye tó tó, ẹnu ọ̀nà méjèèjì ni mo dúró sí.

Kí n kọ́kọ́ sọ tilé wa. Ilé màmá bàbá mi wà ní Èbúté Mẹ́ta, ò jìnnà sí Ọ̀yìngbò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ti gbó díẹ̀, àwa mọ̀lẹ́bí nìkan là ń gbé ibẹ̀, kò sí tẹ́náǹtì kankan. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, bébà dé pé iye báyìí ni ká san, ìyá àgbà ní kí n bá àwọn kà á. Nígbà tí mo kà á tán, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù nilé wa. Ṣọ́ọ̀bù ibo? Mo jáde síta, mo wo iwájú ilé títí, àfìgbà tójú mi bọ́ sórí tábìlì Ìyá Ríṣí tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgọ̀yìn lábẹ́ òrùlé wa, tábìlì tí ò ju mítà kan àbọ̀ lọ, tí wọ́n máa ń kó wọlé tílẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tó wá wo ilé náà, ta ló rán an mi ò mọ̀, kò kan ilẹ̀kùn rárá. Ìyá Ríṣí fúnra wọn ló sọ fún mi pé bọ̀dá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó ya fọ́tò, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó tiẹ̀ ra búrẹ́dì igba náírà kó tó lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣe. Nínú òfin 2020 tí à ń lò, ilé tí onílé fúnra ẹ̀ ń gbé, 0.0394 nínú ọgọ́rùn-ún iye tílé náà tó ni wọ́n fi ń ṣírò owó ẹ̀, ti ibi ìtajà jẹ́ 0.394. Ìlọ́po mẹ́wàá géérégé. Ilé tí iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó ẹ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù 30 náírà, onílé tó ń gbé inú ẹ̀ á san 11,820 náírà, ẹ pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ó di 118,200, tí bíríkì kan ò sì kúrò láyè ẹ̀. Tí onílé àti tẹ́náǹtì bá jọ ń gbé inú ẹ̀, àárín ló máa bọ́ sí. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gba pẹ́ńṣàn, tó sì ń gbé ilé ara ẹ̀, kò yẹ kó san kọ́bọ̀.

Èmi àti àbúrò mi mú tépù, a wọn ilé náà. Mítà 11 níwájú, mítà 14 láti iwájú dé ẹ̀yìn, òkè àti ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ sùkúwíà mítà 308. Ohun tó wà nínú bébà lé ní 400. A wá ibi tí ìyókù ti wá títí, ká tó mọ̀ pé ẹni yẹn ka ẹ̀yìnkùlé mọ́ ilé, ibi tí kànga wà, tí à ń sá aṣọ sí, tí ò ní òrùlé lórí rárá. A kọ̀wé, a ya fọ́tò, a ya àwòrán ilé náà sórí bébà pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀, ó gbà wá tó oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tí ò lọ́mọ tó mọ̀ ọ́n wọ̀n ńkọ́? Á san án bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kó tú ajá sílẹ̀ bíi ti bàbá Ṣómólú.

Láti 2001 tíjọba Tinubu ti kó ground rent (owó ilẹ̀) àti tenement rate (owó orí ilé) pọ̀ sójú kan ni à ń jà lórí owó yìí. 2018 tíjọba Ambode fi kún un, gbogbo Èkó ló pariwo, àwọn lọ́yà Ìkẹjà tú síta, 2020 ìjọba Sanwo-Olu dá ìdá tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀ padà sí bó ṣe wà kó tó di 2018. Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ariwo yẹn, iye owó nìkan la ń bá jà, mi ò gbọ́ kẹ́nì kan béèrè pé ta lẹ rán wá wo ilé mi, ṣé ó kọ́ ọ.

Torí iṣẹ́ tó lófin ni o. Láti 1975 nìjọba àpapọ̀ ti dá ESVARBON sílẹ̀, àwọn ló ń forúkọ adíyelé ilé sílẹ̀, ẹni tí ò bá sí nínú ìwé wọn ò gbọdọ̀ pe ara ẹ̀ ní estate surveyor and valuer. Ẹgbẹ́ wọn, NIESV, ti wà kó tó dìgbà yẹn, láti 1969. O máa kọ́kọ́ lọ sílé ìwé, UNILAG ni o, Ifẹ̀ ni o, tèmi Yabatech ni, HND Estate Management. Lẹ́yìn ẹ lo máa forúkọ sílẹ̀ bíi prọ́béṣọ́nà, ìyẹn ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, wàá wá ọ̀gá tó ti gba ìwé, wàá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán, gbogbo iṣẹ́ tó o bá ṣe wàá máa kọ ọ́ sínú logbook, ọ̀gá á máa bu ọwọ́ lù ú. Ìdánwò wà níbẹ̀, iṣẹ́ àṣefihàn wà níbẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́dọ̀ àwọn àgbà wà níbẹ̀. Tó o bá yege, o di ANIVS, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ NIESV, ESVARBON á búra fún ọ, wọ́n á fún ọ ní síìlì àti sítáǹpù tìẹ, ìgbà yẹn gan-an ni bébà tó o fọwọ́ sí tó lè dúró ní kóòtù.

Logbook yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ọ́fíìsì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn, ọ̀gá mi kì í ṣèèyàn burúkú, wọ́n máa ń fún mi lówó ọkọ̀ àti Málíìnà nígbà ọdún. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán mi ò ju kí n máa lé tẹ́náǹtì torí rẹ́ǹtì lọ. Sátidé dé, mo ti wà ní Mushin tí mò ń kan géètì, "ẹ kú ilé o, ọ̀gá ní kí n wá wò yín." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mò ń fi yàrá han àwọn tó fẹ́ gba ilé, mò ń pe púlọ́ńbà. Tí wọ́n bá wá fẹ́ lọ díyelé ilé iṣẹ́ tàbí ilé epo fún báǹkì, àwọn àti ọmọ wọn ló máa wọ mọ́tò lọ. Ẹ ṣí logbook mi, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, "rent collection, rent collection, inspection of leaking roof."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbé e lọ síwájú àwọn àgbà. Màmá kan tó fi gíláàsì sórí imú ló ń ṣí i, wọn ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n wá ní, "Tí mo bá ní kó o bá mi díyelé ilé epo kan lọ́nà Ìkòròdú, báwo lo ṣe máa ṣe é?" Mo ní màá wo iye tí wọ́n ta ilé epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló ń ta ilé epo lójoojúmọ́ tí wàá fi rí èyí tó o máa fi wé e?" Ìgbà tí mo dé bọ́sì sítọ́ọ̀pù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé èrè tí ibẹ̀ ń mú wọlé ni wọ́n fi ń wò ó, kí ló ń tà, èló ló ń ná, kí ló kù. Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé o! Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò ilé ìwé, mo gba A. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ inú ilé epo kan rí láti wò ó. Wọ́n ní kí n padà wá. Wọn ò jẹ̀bi, ẹni tó bá ní kí n díyelé ilé epo ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, màá ba tiẹ̀ jẹ́ ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Alberta ní Kánádà, iṣẹ́ yìí náà ló ń ṣe, tiwọn yàtọ̀. Ó ní níbẹ̀, òfin ò gba kí káńsù kan fi ẹnikẹ́ni tó wù ú ṣe adíyelé, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tófin dárúkọ, bíi AMAA tí ẹgbẹ́ àwọn adíyelé ibẹ̀ ń fúnni. Iye tí ilé tó lọ́jọ́ 1 oṣù Keje ọdún tó ṣáájú ni wọ́n fi ń bu owó orí ilé, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un wò. Òun tí ò tíì gba ìwé tiẹ̀, inú ọ́fíìsì káńsù gan-an ló ti ń kọ́ ọ, lábẹ́ àwọn tó ti gbà á, ilé tó ti wọ̀n ò lóǹkà. Mo ní ṣé ajá ò lé e rí? Ó ní ajá kẹ̀, ajá ibẹ̀ burú ju ti Ṣómólú lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa gbé sínú ìwé ìròyìn nìyí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú àfikún kẹrin, ìjọba ìbílẹ̀ ló gbé iṣẹ́ díyelé ilé aládàáni fún kí wọ́n lè bu owó lé e. Ní Èkó a ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti LCDA 37, ìyẹn àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tíjọba Èkó dá sílẹ̀. Kí wọ́n fi adíyelé kan ṣoṣo tó ti gba síìlì ṣọ́gàá ní ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kó àwa prọ́béṣọ́nà mẹ́rin márùn-ún sábẹ́ ẹ̀, ká máa lọ láti òpópónà dé òpópónà, ká kan ilẹ̀kùn, ká wọlé, ká wọ̀n ọ́n dáadáa, kí ọ̀gá yẹn bu ọwọ́ lu logbook wa. Wọ́n ò nílò kí wọ́n sanwó ńlá fún wa, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán tó. Tí onílé bá sì rí orúkọ àti sítáǹpù lórí bébà, á mọ ẹni tóun máa lọ bá jà.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù náà o, kí n má fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣe. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi tapólì bo BQ yàrá mẹ́fà tí wọ́n ní ilé adìẹ ni, mo ti rí tẹ́náǹtì mẹ́rin tí gbogbo wọn dàbúrò lánlọ́ọ̀dù lójijì, ọ̀kan nínú wọn, Íbò pọ́ńbélé, ò tiẹ̀ mọ orúkọ "ẹ̀gbọ́n" ẹ̀. Owó tí ẹ fi pamọ́ yẹn, orí ará ilé kejì ló ń padà já lé.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá Ṣómólú pé tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n so ajá mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, màá wá wọn ilé wọn lọ́fẹ̀ẹ́, màá kọ ìwọ̀n ẹ̀ fún wọn kí wọ́n fi wé èyí tó wà nínú bébà tiwọn. Ọ̀gá mi ti gbà pé táwọn bá tẹ̀ lé mi lọ wò ó, àwọn á bu ọwọ́ lù ú. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ló ṣì ṣófo nínú logbook mi.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Èbúté Mẹ́ta, Èkó