Lẹ́tà sí ọmọ darandaran tó fẹ́ gbé ọmọ àbúrò mi níyàwó

Ọmọ mi,

N kò ní í kọ orúkọ rẹ síbí, nítorí àwọn tó lè kà á kí wọ́n fi wá ọ kiri. Màmá Tíṣà tí o máa ń kí lójú ọ̀nà ló ń kọ̀wé sí ọ.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ gbé ọmọbìnrin náà sá lóru. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Kì í ṣe pé mo lòdì sí ìfẹ́ yín. Ojú mi ló ṣe nígbà tó ń wá ra wàrà lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá rẹ, tí o ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ Igangan. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n dáná sun ilé Sẹ́ríkí, olórí àwọn Fúlàní, níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà, àwọn agbébọn ya wọ ìlú yẹn lóru, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun ààfin. Ọkàn Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn kò tíì balẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ọmọ onílé bá pòórá lálẹ́ ọjọ́ kan, ta ni yóò sọ pé ìfẹ́ ni? Wọn á ní Fúlàní ti jí i gbé, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn á ti kó iná lọ sí gáà. Ìyàwó ọ̀gá rẹ àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ojú rẹ ti rí. Irùngbọ̀n rẹ kò tíì hù nígbà tí o da màlúù olówó láti Kebbi, gba Kaiama wọ ọ̀dọ̀ wa. Kò sí owó oṣù, màlúù ni wọ́n ṣèlérí pé wọn á fi san ọ́. Èyí tí o kọ́kọ́ gbà, ẹ̀ẹ̀rùn pa á, o sì bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Òfin tí ìjọba Ọ̀yọ́ ṣe ní 2019 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da màlúù jẹko ní gbangba, àmọ́ ẹni tó ni màlúù kọ́ ni wọ́n ń mú nínú igbó, ìwọ ni. Nílé, bàbá rẹ ti fi ọmọ àbúrò rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ láti kékeré, bí àwọn èèyàn yín ti ń ṣe. O kò fi ìyẹn pa mọ́ fún ọmọbìnrin wa. Ọjọ́ tó sọ fún mi pé o ti là á yé òun ni mo ti ń fọkàn bá ọ lọ.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ ń kírun ni, ẹ̀sìn kọ́ ló ń jà. Àfọ̀njá ló ń pè fún mi ṣáá: Àfọ̀njá gba Àlímì lálejò, ọmọ àlejò ló sì jọba Ìlọrin. Mo bi í pé èdè wo ni wọ́n ń sọ láàfin Ìlọrin lónìí, ṣé kì í ṣe Yorùbá? Ta ló fi kọ́ wọn bí kò bá ṣe àwọn ìyá tó bí wọn? Mo sì rán an létí màlúù bàbá wa. Ọwọ́ Fúlàní ló wà títí bàbá fi kú. Wọn ò kọ̀wé àdéhùn kankan. Ọkùnrin yẹn ń mu wàrà rẹ̀, ó sì ń fi gbogbo ọmọ tí wọ́n bí hàn wá. Owó màlúù yẹn ni àbúrò mi fi lọ sílé-ìwé gíga! Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Àbúrò mi ni, ọmú kan náà la jọ mu. Kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ mi títí. Ọmọ yẹn ti parí NCE rẹ̀, kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n á fún lọ́kọ.

Má ta màlúù tó kù sí ọ lọ́wọ́ nítorí owó ọkọ̀. Lọ bá Sẹ́ríkí yín, sọ gbogbo rẹ̀ fún un, má fi nǹkan kan pa mọ́. Kí ó mú obì dání, kí ó wá bá mi nílé lẹ́yìn Jímọ̀, èmi ni màá ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Èmi ni,
Màmá Tíṣà