Mo Jẹ̀bi, Mo sì Ń Sùn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó lè mú bírò. O kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Mo rí ibi tí o ti kọ ọ́ pé fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì lóru, o rí orúkọ wọn, o sì dojú fóònù délẹ̀ nítorí oorun ń kùn ọ́, pé tó bá di àárọ̀ wàá pè wọ́n. Ilẹ̀ mọ́, Bàbá ti lọ. Ìbéèrè rẹ kò gùn: ṣé mo jẹ̀bi?

O ní gbogbo ẹni tó wá kí ọ ló ń sọ pé ẹjọ́ rẹ kọ́. Mi ò fẹ́ yára sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò pé ẹjọ́ rẹ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn a máa pa ẹni tó ń sunkún lẹ́nu mọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, èyí tí mi ò sọ fún ọ rí.

Nígbà kan, owó kò pé níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n ní àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kó o. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣí ìwé ìṣirò, mo sì rí i: nínú owó tí a ná, èmi ni mo kọ 7 kan tí orí rẹ̀ kò hàn dáadáa, ẹni tó ro owó pọ̀ sì kà á sí 1. Ọwọ́ mi ni, kò rúni lójú. Mo pa ìwé dé. Mo ní màá sọ lọ́la. Wọ́n lé ọmọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mọ́kànlá sì kọjá, mi ò sọ.

Mo sì ń sùn! Mo máa ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, oorun á gbé mi lọ. Ìwọ tí o kò mọ̀ pé Bàbá ń kú lọ, o kò fojú ba oorun láti ọjọ́ náà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀ láti fi ìrora díwọ̀n ẹ̀bi nìyẹn. 7 yẹn fúnra rẹ̀, àṣìṣe ni. Ìgbà tí mo ti mọ̀, tí mo lè sọ, tí mo wá pa ìwé dé, ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi. Ìwọ ńkọ́? Kí lo mọ̀ lóru yẹn? Pé Bàbá máa ń pè ọ́ láti rọ́ àlá wọn fún ọ. O kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bernard Williams, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ìlú Ọba, fi awakọ̀ akẹ́rù kan ṣe àpẹẹrẹ ní 1976: ó gbá ọmọdé pa, kò sì ṣe àṣìṣe kankan. Williams ní ó yẹ ká tu awakọ̀ náà nínú, àmọ́ tó bá yára gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, ara á fu wá sí i. Mo fara mọ́ ọn. Àbámọ̀ rẹ kì í ṣe ẹ̀rí pé o ṣẹ̀. Ìwọ ni wọ́n pè, kò sì sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ.

Karl Jaspers, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, nígbà tó ń kọ̀wé lórí ẹ̀bi lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ní 1946, ní ilé ẹjọ́ ló ń dá ẹ̀bi òfin, àmọ́ ẹ̀bi ìwà, ẹ̀rí ọkàn ẹni ló ń dá a, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn ẹni. Níwọ̀n bó ti jẹ́ èmi lo bi, mo dá a: o kò jẹ̀bi.

Mo padà wá ọmọ yẹn lọ. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òwe náà kò sọ ti ẹni tó pẹ́ kó tó kúnlẹ̀. Ọmọ náà fa apá mi sókè, ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yín." Mo kọ òótọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá wa lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ọmọ náà ti ríṣẹ́ síbòmíràn, kò padà mọ́.

Ohun tí Bàbá fẹ́ sọ lóru yẹn, a ò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Àlá tí wọ́n rọ́ fún ọ kẹ́yìn ńkọ́? Kọ ọ́ sí mi.

Èmi ni tìrẹ.