Lẹ́tà sí òyìnbó tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Guangzhou, nílẹ̀ Ṣáínà

Ọ̀rẹ́ mi,

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ sí ọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí a jọ ń sọ kò gba ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá nítòsí rẹ, kó bá mi kà á fún ọ.

Mo bínú sí ọ lọ́dún 2018, n kò sì sọ fún ọ rí. Fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìwé ẹ̀rí. Obìnrin tó ni ibẹ̀ wò ó títí, ó ní òun ò kọ̀ mí o, àwọn òbí ọmọ ni kò ní gbà. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí, kí n máa ṣètò ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíràn yóò kọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìwọ dé láti Ukraine, irun rẹ dà bí irun orí àgbàdo, Gẹ̀ẹ́sì rẹ ń kọsẹ̀. Wọ́n ní tí òbí kankan bá bi ọ́, kí o ní Amẹ́ríkà lo ti wá.

Bẹ́ẹ̀, lójú òfin, ọ̀kan náà ni wá. Òfin wọn ní ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi èdè kan tọ́mọ ni kó máa kọ́ni lédè náà. Kò sí Nàìjíríà níbẹ̀, kò sí Ukraine. Èmi tí mo gboyè nínú Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Ìwọ tí wọ́n gbé síta ni ọlọ́pàá lè wá mú. N kò ro ìyẹn nígbà tí mò ń bínú.

Mo rántí Sátidé tí wọ́n gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí ilé tuntun. Iṣẹ́ ọ̀bọ funfun ni ẹ̀yin òyìnbó ibẹ̀ ń pè é: kí o wọ kóòtù, kí o dúró, kí o rẹ́rìn-ín. O padà dé lálẹ́ pẹ̀lú káàdì lọ́rùn, "ẹnjinníà" ni wọ́n kọ sí i, orúkọ inú rẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. O bọ́ ọ sórí tábìlì mi, o kò sọ nǹkan kan.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, àyè ẹ̀gbẹ́ mi máa ń ṣófo. Ní ẹ̀gbẹ́ tìrẹ, ìyá àgbà kan ń fọwọ́ pa irun apá rẹ, ó ń bẹ̀ ọ́ pé kí ẹ ya fọ́tò. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, àjèjì 845,697 ni wọ́n kà láàárín èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 400. Ojú á sáà máa tẹ̀ lé wa. Àmọ́ nígbà tó yá, ẹ̀rín tìrẹ náà tán. O ti gbọ́ èdè wọn dáadáa, o béèrè iye owó ẹ̀fọ́, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ: "Kí ni laowai yìí ń wí?" Laowai, àjèjì nìyẹn lédè wọn. Ọdún kẹta rẹ nìyẹn, àjèjì náà ni ọ́.

Ní March 2020, nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn tó ń tòkèèrè bọ̀ ló ń gbé kòrónà wọlé, o tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé: "Wọ́n dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lónìí. Ìwọ ni mo rántí." N kò fèsì.

Ní April, wọ́n lé àwa ọmọ Áfíríkà jáde nílé, títí kan ẹni tí kò rìnrìn àjò kankan. Onílé mi pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. O mú mi lọ sílé rẹ; ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fọwọ́ sí ọ pé kí o wọlé, ó na ọwọ́ kejì dí mi lọ́nà. O bẹ̀ ẹ́ lédè rẹ̀, kò wò ọ́. O jáde padà, o gbé báàgì mi kan lé itan, a sì jókòó lórí pèpéle òkúta yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní July 2021 ìjọba fòfin de ilé ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n fi ń jèrè, tiwa kógbá sílé, o sì lọ. Ìwé ẹ̀kọ́ wa ṣì wà lọ́dọ̀ mi, èyí tí o fi lẹ́tà ìlú rẹ kọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀wé mi. Mo ti kọ́ díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà. Fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ tí o bá fẹ́ ẹ.