Ẹ̀yin ọmọ Dada nílé lóko, ẹ jẹ́ ká bo ẹbu àwọn ìyá wa kójò tó dé

Àsàlámù àlékúmù o, gbogbo ọmọ Dada, gbogbo ọmọ Òkèlele nílùú Ìlọrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ará Àbújá, àtẹ̀yin tí òtútù Ìlú Ọba ń bá fínra, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Owó la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, mi ò ní fọ̀rọ̀ yípo. Ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé a máa kọ́ àtíbàbà onípáànù sí ẹbu, ìyẹn ibi táwọn amọ̀kòkò wa ti ń mọ ìkòkò, èyí tó ga tó sì fẹ̀, tí atẹ́gùn á máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, kí wọ́n lè ríbi to ìkòkò tútù sí tójò bá ń rọ̀, ká sì fi yàrá bíríkì kan tì í tí wọ́n á máa kó amọ̀ gbígbẹ sí.

Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi lè máa rò ó pé kí ló kan páànù pẹ̀lú ìkòkò. Ẹ jẹ́ n rán yín létí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Amọ̀ tí wọ́n bá wà dé, wọ́n á sá a, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á gún un, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ títí òkúta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ á fi tán. Ìyá á da ìkòkò ògbólógbòó kan dojú dé, á wọ́n eérú sí i lára kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, á tẹ́ amọ̀ lé e nídìí, á máa gbá a pẹ́pẹ́pẹ́. Tíyẹn bá le díẹ̀ wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fọwọ́ yí amọ̀ gbọọrọ gbọọrọ, wọ́n á máa tò ó lé e títí á fi yọ ọrùn, ewé ni wọ́n fi ń yí ẹnu ẹ̀ kó lè dán, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣọnà sí i lára. Kò sí máṣínì níbẹ̀ o, ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó kó o jọ, kí wọ́n to igi àti koríko lé e, kí wọ́n wá tiná bọ̀ ọ́. Ẹ ò lè ti gbàgbé ìgbà tí wọ́n bá ń fi igi gígùn yọ ọ́ nínú iná, tó ṣì pọ́n yòò, tí wọ́n wá tì í bọ omi èèpo irúgbá, tó dún ṣàààà, tí èéfín bo gbogbo àdúgbò, tó fi jáde ní dúdú tó ń dán. Omi irúgbá yẹn náà ló ń dí ihò ara ẹ̀ tí ọbẹ̀ ò fi ń jò.

Àmọ́ kó tó dédìí iná, omi lọ̀tá ẹ̀. Tójò bá ká a mọ́ta, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan á padà di ẹrẹ̀. Tí ò bá sì gbẹ dáadáa tí wọ́n fi tiná bọ̀ ọ́, á máa là pàú pàú nínú iná, owó igi lọ, ìkòkò lọ. Ìyá kan wà lágbo ilé tèmi tó jẹ́ pé lóṣù keje sí ìkẹsàn-án, yàrá tó ń sùn ló ń to ìkòkò sí, òun àtàwọn ọmọọmọ ẹ̀ wá ń sùn mọ́ra wọn ní pálọ̀, torí tapólì tó fi bo ìta, atẹ́gùn ti fà á ya. Màmá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún o.

Àwọn kan lórí wàtsáàpù ń bi wá pé láyé gáàsì àti rọ́bà, ta ló ń ra ìkòkò amọ̀. Ẹ dákun, inú kí lẹ ń se àgbo ọmọ yín? Kí lẹ ń dáná tùràrí sí tí gbogbo ilé ń ta sánsán? Ẹni tó bá ti gbààwẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ò síná rí, kó wá sọ bí omi àmù ṣe ń rí lọ́fun nígbà tí wọ́n bá pèrun màgíríbì. Àmù ò gba iná, ara amọ̀ ló ń mí, omi á máa yọ lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn á gbé e lọ, tinú á wá tutù nini. Àwọn tó ń wá rajà láti ìlú míì náà ò dínkù, ọlọ́ṣun ń wá ra ìkòkò omi, oníṣàngó ń wá ra àjẹrẹ, ìkòkò oníhò tó máa fi gbé iná, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán náà ló sì ń fọwọ́ ara ẹ̀ dá ihò sí i. Ìlọrin wa nìyẹn.

Èmi ò rò pé ó yẹ ká máa fojú iṣẹ́ akúṣẹ̀ẹ́ wo iṣẹ́ yìí. Inú Súrátù Rahmáànì ni Ọlọ́run ti sọ fún wa pé amọ̀ gbígbẹ bíi ti ìkòkò lòun fi dá èèyàn. Àwọn baba ńlá wa tí ò tí ì gbọ́ Kùránì náà ní Ọbàtálá ló mọ ara, Àjàlá amọ̀kòkò ló mọ orí, ẹni tó bá lọ yan orí tí ò jinná, òjò á lù ú lójú ọ̀nà ayé, á fi dé ibí ó ti jẹ tán. Ẹ ẹ̀ rí i pé látọ̀run lòjò ti ń bá iṣẹ́ yìí fà á? Ẹ yí owó ogún náírà sẹ́yìn wò, bẹ́ ẹ bá ṣì rí i ná, Ladi Kwali tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, amọ̀kòkò ni, ọmọ Gbàgyí. Orílẹ̀-èdè ya amọ̀kòkò sára owó, àwa tá a ní odindi ẹbu nílé ò lè rí páànù fi bò ó.

Àwọn kan dá a lábàá nípàdé pé ká kọ́kọ́ ṣe ayẹyẹ, ká dá ankárá, ká pe àwọn èèyàn ńlá wá yà fótò. Mi ò fara mọ́ ọn, mo sọ ọ́ lójú wọn, ankárá ò gbòjò dúró. Ẹ jẹ́ ká kan páànù ná, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ jó lábẹ́ ẹ̀, mo ṣe tán.

Nǹkan tá a bù fún oníkálukú nìyí: ẹni tó wà nílé, ₦5,000; ẹni tó wà nílùú míì ní Nàìjíríà, ₦10,000; ẹ̀yin tòkè òkun, 20 pọ́n-ùn, ẹni tó bá lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́run á bù sí i. Àwọn ọmọ iléèwé, ohun tágbára yín bá ká. A ò bu kọ́bọ̀ lé àwọn ìyá amọ̀kòkò fúnra wọn o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nì kankan lọ gbowó lọ́wọ́ wọn. Akápò nìkan ni kẹ́ ẹ sanwó fún, nọ́ńbà bàǹkì wà lórí wàtsáàpù ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ sì gba ríṣíìtì. Iye tí kápẹ́ńtà àti bíríkìlà dá lé e wà níbẹ̀ náà, ẹ kà á, ẹ bi wá léèrè, ẹ bínú sí wa tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ san án kóṣù kẹta tó parí, torí tójò bá ti bẹ̀rẹ̀ kò sẹ́ni tó máa lè gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ò bá lówó lọ́wọ́ àmọ́ tó ní igi tàbí páànù tó ṣẹ́kù níbi tó ti ń kọ́lé, ẹ gbé e wá, a máa rí i lò, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó èyí tó ti dípẹtà tó ti lu wá fún wa o.