Kí o tó gba ẹni tí yóò bá ọ tajà

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara yín le. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti ní o fẹ́ gba ọmọ méjì tí ẹnu wọn mú, kí wọ́n lè bá ọ ta ọjà tó kún ilé, mi ò lè ka ibẹ̀ kọjá. Jọ̀wọ́, ṣe sùúrù ná.

Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mò ń rán báàgì. Obìnrin kan mú ọ̀kan, ó ṣí i, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń fọwọ́ tá a kiri bí ẹni ń wá nǹkan. Ẹnu mi ò dákẹ́: awọ rẹ̀ dáa, òwú rẹ̀ yi, màá dín owó rẹ̀ kù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Ó pẹ́ kí n tó bi oníbàárà mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ pé kí ló ń wá. Ó ní ibi tí òun máa fi kọ́kọ́rọ́ sí ni, torí lálaalẹ́ lòun ń da ẹrù inú báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó rí i. Àpò kékeré kan péré! Ọwọ́ wọn ti ń sọ fún mi tipẹ́, ẹnu mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́.

Títajà ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Ìbéèrè yẹn gan-an ni marketing, ó sì yẹ kó ti ṣáájú abẹ́rẹ́. Ìpolówó nìkan kọ́ o: ohun tí a máa ṣe, ẹni tí a ń ṣe é fún, iye tí a máa tà á, ibi tí yóò ti rí i, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní 1960, Theodore Levitt, olùkọ́ ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ohun tí ẹni tó ń tà nílò ni títajà ń wò, ohun tí ẹni tó ń rà nílò ni marketing ń wò. Ó fi àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà ṣàpẹẹrẹ: wọ́n rò pé ọkọ̀ ojú irin niṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ gbígbé èèyàn àti ẹrù dé ibi tí wọ́n ń lọ ni. Ibẹ̀ ni mọ́tò àti bàálù ti gba oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mi ò ní kí o má gba ọmọ o. Ẹni tó mọ ọjà tà ṣe pàtàkì. Àmọ́ kọ́kọ́ wá ẹni mẹ́ta tó wo ọjà rẹ tí kò rà á. Má gbé ọjà dání lọ. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń lò báyìí àti ohun tó ń sú wọn nínú rẹ̀, kí o sì kọ èsì wọn sí mi bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Mò ń retí rẹ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́